Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Wọ́sìwọ́sì ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ò mọ̀ mí nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo máa ń fi ọmọrogùn lé bàbá yín àgbà kiri orí ìtàgé… Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Òun ni Wọ́sìwọ́sì. Èmi ni ìyàwó rẹ̀ nínú eré, èmi náà ni ìyàwó rẹ̀ nílé. Láti Oǹdó níbí la ti ń gbéra, a ó ṣeré ní Ìgbàrà-Òkè, a ó ṣe é ní Àkúrẹ́. Gbọ̀ngàn á kún, àwọn mìíràn á máa yọjú lójú fèrèsé.

Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́sìwọ́sì kò fẹ́ lọ sóko, ó bá díbọ́n pé òun ti kú. Àwọn ará àdúgbò á gbé e lápá lẹ́sẹ̀, ó di ibojì. Ìgbà tó bá rí ihò ni yóò figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì kú o!" Háà! Ẹ gbọ́, mo ti rí ìyá ìjọ tó rẹ́rìn-ín títí tó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbà tó yá, nǹkan le. Àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn. Epo mọ́tò di àwátì. Láti àárọ̀ la ti ń tò nítorí kẹrosíìnì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì dáná yìí… Ta ni yóò wá wo eré? A wá jókòó sílé, à ń wo ara wa.

Bàbá yín àgbà ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, mi ò lè máa pa ẹni tí ebi ń pa lẹ́rìn-ín mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Kí àwọn sọ́jà padà sí bárékè."

Mo wò ó… Ọkùnrin tó ń sá fún eku!

Ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń pè fún ìjọba alágbádá. Wọ́n pè é síwájú níbi ìpàdé kan ní Àkúrẹ́. Ó wọ kóòtù, ó so táì. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyà ń jẹ wá." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò ṣeré o." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Yéè! Bàbá kan ń yí nílẹ̀! Ó délé, kò jẹun. "Ṣé ojú mi ni?" Mo ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Síbẹ̀ kò sinmi. Ó ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sọ ọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n wọ́de lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Mo tẹ̀ lé e. Àfi gbìì, ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Wọ́n gbé bàbá yín lápá lẹ́sẹ̀! Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o!" Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ẹnì kan tilẹ̀ ń pariwo pé, "Wọ́sìwọ́sì, sọ fún wọn pé o ò tíì kú!" Wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọkọ mi ń lọ.

Mo gun orí tábìlì oníbúrẹ́dì kan. Àwọn èrò ń kígbe pé, "Ìyàwó ẹ̀ ti dé! Ọmọrogùn ẹ dà?" Mo bá ṣí gèlè mi, mo kúnlẹ̀ lórí tábìlì yẹn, omi ń dà lójú mi. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ìyá arúgbó kan ní, "Ẹ dákẹ́! Wọ́n gbé e lọ lóòótọ́!"

Bí gbogbo wa ṣe lọ jókòó sílẹ̀ níwájú tèṣàn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pariwo. A kàn ń wò wọ́n.

Nínú tèṣàn lọ́hùn-ún, òun ló padà sọ èyí fún mi, ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Wọ́sìwọ́sì, ṣe eré òkú yẹn fún wa, kí n fi ẹ́ sílẹ̀."

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Tí mo bá ṣe é níbí, ẹ ó lọ sọ fún wọn níta pé eré ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí."

"Ṣé o fẹ́ sun àtìmọ́lé ni?"

"Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tutù, ẹ fún mi lẹ́ní."

Àwọn ọlọ́pàá kéékèèké ń fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé, ó rí èrò tó jókòó jẹ́ẹ́, òógùn bò ó. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ní kó máa lọ.

Bàbá yín jáde, ó dúró níwájú wa. Aṣọ rẹ̀ ti ya. Ó ní, "Kí àwọn sọ́jà padà sí bárékè." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde fún un.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín o… Àbí mo ti darúgbó ni?" Ó fẹ́ sunkún! Ẹ wá bá mi wo ọkùnrin yìí!

Ó ń bá a lọ títí àwọn sọ́jà fi lọ. Aláwàdà tòde òní ńkọ́? Òun àti olóṣèlú ló jọ ń ya fọ́tò. Tí wọ́n bá ní kó ṣeré òkú yẹn, á ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹnì kan bá ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ máa wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Hmm… ayé.