Ìbọn tí Bàbá Ọdẹ Fẹ́ Kó Gùn

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ kan ní Kàbbà, mò ń dúró kó bá mi pọ́n ọkọ́ mi, ni bàbá ọdẹ kan bá wọlé, ó kí wa ní "Okun o," ó ní kí wọ́n rọ ìbọn ẹlẹ́tù kan fún òun, èyí tí òun máa gbé lọ síbi ìdíje àwọn ọdẹ, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí ìbẹ́pẹ orí òpó.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ, Bàbá?"

"Kó gùn. Kó gùn ju ti àna mi ní Odò-Àpé lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìbẹ́pẹ tiẹ̀ fọ́ yángá, tèmi ń wò mí níran."

"Irin tó bá gùn jù á wúwo lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká dín in kù, ká ṣe ìdí ẹ̀ kó bá èjìká yín mu."

"Mo ní kó gùn!"

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ yìnbọn sí ìbẹ́pẹ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fi ìbọn ká a?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu.

Alágbẹ̀dẹ gbé igi kan fún un. "Ẹ gbé e léjìká bí ìbọn, kí n fi wọn ìdí ẹ̀."

Bàbá na igi sí ògiri. Alágbẹ̀dẹ ṣàdédé fi òòlù gbá irin, gbàà! Bàbá di ojú méjèèjì pinpin.

"Ṣé ẹ rí i? Tí ẹ̀tù bá ti dún, ẹ̀ ń dijú. Mi ò lè rọ ìbọn tó máa bá yín lajú."

Bàbá rọra gbé igi náà sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ti gbọ́. Màá lajú. Ṣùgbọ́n kó ṣáà gùn."