Iná Tó Jó Òkè Àràbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin igi sórí Òkè Àràbà lẹ́yìn Ouando, mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Prisca, olórí yín, kọ̀wé sí mi ní Libreville, ní Gabon níbí: "Bàbá Hilaire, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó aráàlú jọ tún igbó yìí ṣe. A fẹ́ fi orúkọ yín pè é." Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sun ún.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń gun òkè, àwọn obìnrin Houinmè, àdúgbò wa, ń ru omi, a ń gbin ìrókò síbi tí àwọn agégi ti sọ di gbalasa. Èmi olùkọ́ ni mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bouraïma, tó máa ń fi ìtùfù lé oyin kó tó fá afárá, ní, "Ẹ̀gbọ́n, oyin mi ńkọ́?" Mo ní, "Lọ lá a lẹ́nu ìyàwó rẹ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó pa òfin náà mọ́. Èmi ni mi ò pa á mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dá lọ wo àwọn igi, mo sì rí ihò òkété tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hú yẹ̀pẹ̀ síta. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Àgbàlagbà bíi tèmi. Mo ki koríko gbígbẹ bọ ẹnu ihò, mo ṣáná sí i, mo gbé kùmọ̀ dúró de ẹran lẹ́nu ihò kejì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dé. Kí n tó yíjú, iná ti wọ àárín igi ọdún mẹ́rin. Mo gba ẹ̀yìn òkè sá lọ.

Bouraïma rí èéfín láti oko rẹ̀. Òun nìkan ló fi ewé tútù na iná náà títí iná fi kú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì bó.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà béèrè ẹni tó dáná. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Ẹ wo ọwọ́ Bouraïma."

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Hilaire, ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ta ló ń gbé ìtùfù kiri nínú wa?"

Wọ́n lé e kúrò láàárín wa, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ òkè náà mọ́. Sikiratou ìyàwó rẹ̀ ò rí ẹni ra oyin lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Aya asungbó ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Kí ọdún náà tó parí, mo kó ẹrù mi, mo ní iṣẹ́ ni mo ń wá lọ sí Gabon. Irọ́ ni. Mi ò lè máa pàdé ọwọ́ yẹn lójú ọ̀nà.

Prisca, o ní ẹ ṣì ń fi ìtàn Bouraïma kìlọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ yín. Ó ṣì wà láàyè ní Houinmè. Ẹ kó ara yín lọ bá a, kí ẹ ka ìwé yìí sókè lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bó bá fẹ́ gun òkè, ẹ tẹ̀lé e. Bó bá lé yín, ẹ má ṣe dá a lẹ́bi.

Bouraïma, àbúrò mi, mo purọ́ mọ́ ọ. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́.