Kànga Sàárà Alhaja Àdìzát

Ọdún méjì ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, kò dà nínú mi. Alhaja Àdìzát kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo ní láti pọ̀ ọ́ jáde lónìí.

Èmi Kàfáyá ni mo ń yẹ omi wò níléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Sàngó. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ wa, tó sì gba ẹ̀mí ọmọ Toyibat, ẹ rántí pé Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé wá láti yunifásítì. Ó ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn náà ní DNA, àkọsílẹ̀ tó ń sọ bó ṣe máa gbé ayé. Bó bá pín ara rẹ̀ sí méjì, àkọsílẹ̀ kan náà ni méjèèjì máa gbà. Ó ní, “Omi tí a bá ti rí irú èyí tó wà nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ yìí, òun la máa mú pé ó fa àìsàn náà.” Ó ní kí n bá òun bu ìgò kan níbi iṣẹ́ wa, kí n bu ìkan nínú kànga Alhaja. Ẹ mọ kànga yẹn. Ìyá náà gbẹ́ ẹ ṣe sàárà fún ọkọ rẹ̀ tó kú, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ń mu omi ibẹ̀, tó ń fi ṣe àlùwàlá, láádá, èrè Ọlọ́hun, á máa dé bá a ní sàréè.

Mo mọ̀ pé omi tiwa ni kò dáa. Páìpù wa tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá kọjá ti sán. Mo sọ fún Ìsmáílà ọ̀gá mi, ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ibi tó o ti ń jẹun pa ni?” Mo rò ó pé kí n se omi náà, àmọ́ Gbọ́ládé ti sọ pé kòkòrò lè kú tán kí DNA rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Mi ò ní dì í ru Èṣù, ọwọ́ mi yìí náà ni. Mo pààrọ̀ orúkọ ara ìgò méjèèjì.

Èsì dé, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí kànga pa. Ìsmáílà rọra tún páìpù ṣe, àìsàn dáwọ́ dúró, gbogbo yín gbà pé kànga ni.

Èyí tó burú jù ló kù. Alhaja ní kí n sin òun lọ bẹ Toyibat, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, ó ní, “Mi ò mọ̀. Nítorí Ọlọ́hun, má gégùn-ún fún mi.” Toyibat ní, “Ẹ dìde, Ìyá. Àmọ́ mi ò tíì lè ní mo foríjì yín.” Èmi tí mo dúró láàárín wọn ni mo ń sọ pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja, Ọlọ́hun á forí jìn yín.” Àní èmi. Ojú ń tì mí láti mí èémí.

Toyibat, mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́, mo kàn ń bẹ̀ ọ́ náà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yẹ nǹkan wò, ohun tó wà nínú ìgò ni kí ẹ kọ sára ìgò, bí ẹ tilẹ̀ máa tìdí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Ẹ wá òòlù, ká lọ fọ́ sìmẹ́ǹtì yẹn. Ẹni méjì ló ń retí láádá kànga náà ní sàréè báyìí.