Ìparí Fíìmù Ológun Tí Mo Fi Pamọ́

Àádọ́ta náírà ni mo ra omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo ní Ọ̀wọ̀ lánàá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, owó yẹn tó láti yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù wò títí oṣù á fi parí, a ó sì tún rí èyí tí a ó fi ra mínírà fún àlejò. Fíìmù ló fa ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà láyà mi. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, òun náà sì ti kú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ní fídíò ní àdúgbò wa. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta á wá. Bọ̀dé ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, Fúnṣọ́ jẹ́ akọ̀wé kóòtù, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni àwọn méjèèjì bíi tèmi. Ẹnì kẹta ni Káyọ̀dé, tíṣà, ará Àkókó, òun ló kéré jù nínú wa. A ó jẹ iyán ìyàwó mi, a ó wo fíìmù, èmi ni mo sì máa ń túmọ̀ ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ. Bí àríyànjiyàn bá dé, ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà.

Lọ́dún kan, ìbátan mi kan mú fíìmù ológun kan bọ̀ láti òkè òkun, nínú páálí rẹ̀ tó dán, pẹ̀lú àwòrán lára. Wọ́n rán àwọn ọmọ ogun wọ igbó láti gba àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn. Sájẹ́ǹtì kan dúró lórí afárá, òun nìkan, kí àwọn yòókù lè ráyè kọjá. Èmi àti ìyàwó mi wò ó tán kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa hàn. Èmi ni alága ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ara mi. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílé. Mo ká bébà sínú ihò ẹ̀gbẹ́ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà, ihò tí kì í jẹ́ kó gba nǹkan sílẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, mo sì gba ìkórè náà sórí rẹ̀. Mo rò pé mo ti yí i kọjá ibi tí fíìmù parí sí. N kò tíì yí i débẹ̀.

Nígbà tí mo wò ó padà, Sájẹ́ǹtì ṣubú sétí odò, ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ rẹ̀. Lójijì, èmi ni mo yọ, nínú agbádá, tí mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí mò ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

Ojú tì mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Sájẹ́ǹtì ṣe ṣubú ni mo pa ẹ̀rọ. Mo ní, “Ó parí.”

Fúnṣọ́ mí kanlẹ̀. “Ó mà ṣe o.”

Káyọ̀dé ní, “Kò tíì parí o. Sájẹ́ǹtì kò kú. Mo ti wò ó nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàrẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ padà wá gbé e.”

Bọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ta ló jí i dìde? Ṣé ìwọ ni?”

Káyọ̀dé lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àdàkọ ni. Kò ní páálí, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ fíìmù sí i lára. Ìlà funfun ń sáré lójú àwòrán, ojú àwọn èèyàn sì dà bí aró. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ pé. Ọ̀gá padà wá, ó pọn Sájẹ́ǹtì sẹ́yìn, wọ́n sọdá odò.

Gbogbo wọn wò mí. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti sọ òtítọ́.

Mo ní, “Èyí kì í ṣe ojúlówó. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ ló gé ìparí fíìmù mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi?”

“Ẹni tó lọ yunifásítì ti sọ̀rọ̀,” ni Fúnṣọ́ wí.

Káyọ̀dé rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí tiyín náà sáré síwájú díẹ̀.”

Mo ní ẹ̀rọ ti gbóná.

Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dé ti sọ Káyọ̀dé ní Ajíǹde. Orúkọ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ipò akọ̀wé ìjọ, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ajíǹde kẹ̀! Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni a ó máa kọ sílẹ̀?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Iwájú ni mo jókòó sí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Káyọ̀dé tọrọ ìyípadà ibi iṣẹ́ lọ sí Ìfọ́n. Kò wá sílé mi mọ́.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Tólú, ẹ lọ sọ òtítọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.” Mo ní màá lọ lọ́la. Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn títí mo fi darúgbó.

Lóṣù tó kọjá, Tólú fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, ti orí dísíìkì. Àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé ewé igi hàn níkọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo wò ó, lórí àga mi àtijọ́, àwọn àga yòókù ṣófo. Ọ̀gá padà wá. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọ́n sọdá odò, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àdàkọ Káyọ̀dé. Ìlà funfun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo sọ ọ́ síta pé, “Kò kú.”

Mo fẹ́ gbé dísíìkì náà lọ sí Ìfọ́n kí Káyọ̀dé fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Ute tó ń ta iṣu fún mi mọ ilé rẹ̀. Ó ní ojú Káyọ̀dé kò ríran mọ́. Àwòrán kò lè bá mi sọ ọ́ mọ́ nìyẹn. Ẹnu tí mo fi parọ́ náà ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, àbí kí n ní kí wọ́n jáde? Bí ó bá lé mi ńkọ́? Àwọn tí ǹ bá kó lọ kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kò sí mọ́.

Bọ̀dé ti kú. Fúnṣọ́ ti kú. Ìyá Tólú ti lọ. Káyọ̀dé wà láàyè ní Ìfọ́n. Èmi náà ṣì wà.