Àpótí Inú Búùtù Ọládòṣù

Kí Ọládòṣù tó tú àpótí yẹn jáde nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ó sì yẹ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Mo ti gbé e mì tipẹ́, kò dà nínú mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú, dókítà ti ń pe àwọn ọmọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tó ń bá wọn sọ. Ìwé mi ò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ nígbà kan ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ tí kò tọ́, kí Túnmiṣe, ọmọ Ọládòṣù, tó máa kà á sókè fún yín bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kó má tún ọ̀rọ̀ náà ṣe o. Ìkà ni mo hù, kó kà á bí ìkà.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké inú ilé ò mọ Ìbíkẹ́ dáadáa. Òun ló bí Ọládòṣù, òun ni ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi. Èmi ni ìyálé. Mákùn-Omi létí ọ̀sà ni wọ́n ti gbé mi wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ẹní ni mo ń hun. Ìlú Awa ni wọ́n ti gbé òun wá. Ọládòṣù ṣì ń mu ọmú nígbà tí ibà kan dá Ìbíkẹ́ wó, ìgbà tó fi máa dìde, etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Kò gbọ́ igbe ọmọ mọ́, kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ ṣì wà, ó ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kà, tí a bá sì ti bá a sọ̀rọ̀, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló lè wò kó fi mọ ohun tí a wí, ẹnu tèmi. Àjọdáná inú ilé ìdáná kan náà ló kọ́ ọ. Àwa méjèèjì kì í tilẹ̀ lo ohùn, ètè lásán ni mò ń mì, ẹni tó bá jókòó tì wá ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn á la ẹnu títí, Ìbíkẹ́ á kàn yíjú sí mi: "Ìyálé, kí ló wí?" Mà á sì là á fún un. Gbogbo ohun tí ayé bá ní í bá obìnrin yẹn sọ, ètè mi ló ń gbà kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti pa á.

Ọládòṣù dàgbà, ó di awakọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń gbé láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ọjọ́ ọjà á sọ̀kalẹ̀ dé apá ọ̀dọ̀ wa létí omi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn ò ní í wọ ọkọ̀ tí rédíò rẹ̀ ń ṣe bí eṣinṣin inú ìgò. Ọládòṣù sọ fún mi pé, "Yèyé, àpótí báàsì tó ń bú ohùn ìsàlẹ̀ orin ni mò ń wá, èyí tí agbára mi á ká, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè mi ilẹ̀." Ní àsìkò yẹn náà ni ọkọ̀ ọmọkùnrin kan dúró lójúde wa, orin ń bú jáde nínú rẹ̀. Ìbíkẹ́ kọjá, ó fara ti búùtù ọkọ̀ náà, ó sì ta gìrì. Ó ní, "Ìyálé, kí ló ń lù mí láyà?" Ọládòṣù ń wò ó. Bí ẹni rí àlá ni ojú rẹ̀ rí. Ó ní èyíkéyìí tí òun bá máa rà, ìyá òun ló máa yàn án.

Bí a ṣe lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jedidiah lorúkọ ọmọkùnrin tó ń ta á, ẹlẹ́nu-dídùn ni. Ó gbé ọ̀kan síta tó ń tanná aláwọ̀ búlúù yí ká, ó ń dán yanran bí ilé Kérésìmesì. Ó tún wọ́ ọ̀kan jáde láti abẹ́ tábìlì, àpótí pákó dúdú kan báyìí, kápẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ti ya. Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò ní í parọ́ lójú àwọn ìyá wọ̀nyí. Nọ́ńbà agbára ńláńlá tí wọ́n kọ sára eléyìí tó ń tanná, ìwé lásán ni. Ó lẹ́nu, kò níkùn. Eléyìí tí kò rẹwà, tòkunbọ̀ ni. Pákó rẹ̀ nípọn, wọ́n dí i pa, afẹ́fẹ́ ò jò níbì kankan. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ohùn lágbára ti tó láti gbé e, owó rẹ̀ ò sì tó ti èkejì."

"Ìyálé, kí ló wí?"

Mo mi ètè mi. Mo ní, "Ó ní eléyìí tó ń tanná ló dára. Ó ní èkejì ti bàjẹ́."

Kí ló dé tí mo parọ́? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo kàn rí i bí Ọládòṣù ṣe ń wo ìyá rẹ̀, bí ẹni ń wo ẹyin tó fẹ́ pa. Daniel, ọmọ tèmi, ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí kó tó rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó.

Ṣùgbọ́n Ìbíkẹ́ ní ọwọ́. Jedidiah tan orin, Ìbíkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èyí tó ń tanná. Ó rẹ́rìn-ín. "Eléyìí ń yún mi lọ́wọ́ ni. Kò wọlé." Ó gbé ọwọ́ lé àpótí tó ya, ó dijú. Ó wá yí padà, ó fi ẹ̀yìn tì í bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ó ní, "Ọládòṣù, eléyìí ni. Ó mọ̀ mí."

Jedidiah ní, "Ìyá, ẹ wá máa bá mi tajà níbí o. Ẹ ó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ìbíkẹ́ borí ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú.

Wọ́n gbé àpótí náà sínú búùtù, wọ́n kẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ọjọ́ ìsinmi tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ọládòṣù á gbé wa yí ìlú ká. Ìbíkẹ́ á jókòó sẹ́yìn níbi tí báàsì ti ń lù ú, èmi á jókòó síwájú, torí èmi ni ìyálé. Ẹ wo ọlá tí wọ́n dá mi. Ọlá yẹn ni mo jókòó lé, tí mo ń fi dígí kékeré iwájú wo ẹni tó wà lẹ́yìn, tí mo ń ṣe ìlara rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Ọládòṣù ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan, ó ń kọ orin ìyìn, ó sì tan án nínú ọkọ̀. Ìbíkẹ́ nà ró. "Ta nìyí? Èyí kì í ṣe orin ti tẹ́lẹ̀." Ọládòṣù ò dúró dè mí kí n là á. Ó yíjú sẹ́yìn, ó fi ìka gún àyà ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mi ò ti ráyè purọ́. Ìbíkẹ́ tẹ ẹ̀yìn mọ́ ìjókòó, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Báyìí ni ohùn ọmọ mi ṣe rí? Igbe ọmọ ọwọ́ ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Ó ti di ohùn baba rẹ̀."

Etí mi pé, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ìgbà tó ti lọ. Etí tirẹ̀ di, ó ń gbọ́ ti ọmọ tirẹ̀. Èyí ni mo ń rò lọ́kàn títí a fi délé. Àwáwí kọ́ ni mò ń ṣe o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú oúnjẹ tí ìkà ń jẹ kó tó sanra.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọládòṣù ń sùn, ó fi búùtù sílẹ̀ láìtì. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń la ewé ẹní. Ẹnu àpótí yẹn ní awọ dúdú kan tó rọ̀, tó máa ń sún jáde sún wọlé tí orin bá ń lọ, bí àyà ẹni tó ń mí. Mo là á bí ẹni la inú ẹja. Mo fi ìka fà á ya lẹ́bàá-lẹ́bàá kó lè jọ ti eku. Mo wálé, mo fọ ọ̀bẹ mi, mo jẹun. Oúnjẹ náà dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ a wọ ọkọ̀. Àwọn sípíkà wẹ́wẹ́ ara ìlẹ̀kùn ń kọrin, báàsì ò sí. Ọládòṣù sọ̀kalẹ̀ lọ yẹ búùtù wò, ó padà dé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n jà lólè. "Eku ti jẹ ẹ́. Yèyé, ẹ bá mi sọ fún Màámi pé ó ti bàjẹ́, kí wọ́n ṣe sùúrù, mà á tún un ṣe tí mo bá ti Mákùn-Omi dé."

Ìbíkẹ́ ti ń fẹ̀yìn wá a kiri lára ìjókòó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Ìyálé, kí ló wí? Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi."

Mo yíjú sí i. Mo mi ètè mi díẹ̀díẹ̀ kó lè yé e dáadáa. Mo ní, "Ó ní ó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ohùn òun ló ń kọ yẹn. Ó ń bi ọ́ pé ṣé ó dùn."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ kú, kò ju bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí mi èjìká, ó ń mi orí. "Ó dùn gan-an, ọmọ mi. Ó dùn."

Ọládòṣù bi mí pé, "Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wá ń jó sí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Kínú rẹ lè dùn ló ṣe ń ṣe é. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ rí."

Ẹnu kan ṣoṣo. Mo fi pa ìyá, mo fi pa ọmọ. Ọládòṣù rọra ti búùtù, kò sì tún un ṣe mọ́. Ta ni yóò tún ohun tí kò wúlò ṣe? Ìbíkẹ́ ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jó lórí ohun tí kò sí, ọmọ rẹ̀ ń wò ó nínú dígí, ó ń bojú jẹ́, èmi sì jókòó síwájú. Nínú ilé ìdáná, Ìbíkẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Ìyálé, ara mi ti ń kú láti ẹ̀yìn. Ohùn ọmọ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀." Mo ní mi ò ní í jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, kò lè dìde mọ́. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀. Ọládòṣù kúnlẹ̀ tì í, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lójú, ó ń sunkún. Ìbíkẹ́ wá mi kiri nínú yàrá. "Ìyálé, kí ló wí?"

Mo yíjú sí ògiri.

Ó nawọ́ mú àgbọ̀n mi, ó fẹ́ yí ojú mi padà kó lè rí ẹnu mi. Ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára. Mo mú ọrùn mi le. Ó ń fà á, mo ń mú ọrùn le, títí ọwọ́ náà fi jábọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo máa ń rí.

Láti ìgbà tí a ti sin Ìbíkẹ́, iwájú ọkọ̀ ni Ọládòṣù ń gbé mi sí lọ sílé ìwòsàn. Ìyá kan ṣoṣo tó kù fún òun ló ń pè mí. Lánàá ló ní òun fẹ́ tú àpótí yẹn fún ẹni tó ń ra àlòkù irin, pé ìyá òun ò gbádùn ẹ̀ rí, pé ó kàn ń ṣàánú òun ni. Bí mo bá dákẹ́ sí èyí, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ọládòṣù, ó gbọ́ ọ. Kó tó di pé mo mú ọ̀bẹ, ìyá rẹ gbọ́ ohùn rẹ, ó sì sunkún ayọ̀. Ìgbà tí kò gbọ́ mọ́ nìkan ló ń díbọ́n nítorí tìẹ.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọmọ, tí ẹnìkan bá fi ẹnu yín ṣe etí, ẹ bẹ̀rù ẹnu yín. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí kíákíá. Ọládòṣù, lọ bá Jedidiah kó fi awọ tuntun sí i. Fi búùtù kọjú sí ojú oórì ìyá rẹ lẹ́yìnkùlé, kí o tan ohùn rẹ kí ilẹ̀ mì. Má gbé mi síwájú mọ́. Mo há gbogbo ohun tí o sọ lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn sórí, kò sí èyí tó bọ́. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lọ́run, tó bá tún bi mí pé, "Ìyálé, kí ló wí?", mà á yíjú sí i, mà á sì sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ gan-an, bí ó bá ṣì máa wo ẹnu mi.