Ṣọ́ọ̀kì Pupa Tí Mo Fọ̀ Kúrò Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé díẹ̀, ẹ má tì í pátápátá o, kí ooru má baà pa mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ-ọmọ mi, ẹ sún mọ́ ara yín lórí àpótí aṣọ yẹn, ẹ jókòó. Ìwọ Nọ́ọ̀sì, gbé báńdéèjì sílẹ̀ ná. Egbò ẹsẹ̀ mi ń rùn lóòótọ́, mo mọ̀, imú mi ò tíì kú, ṣùgbọ́n ohun tó ń rùn jù ú lọ wà nínú ikùn mi láti ìgbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ẹ̀rín ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ya ìgbẹ́ sẹ́yìn ilé onílé tó fi ewé bò ó. Ẹ ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, inú mi ń dùn sí i. Ó dáa, ewé ti gbẹ o. Ìgbẹ́ ti yọrí. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Àná ló bẹ̀rẹ̀. O ń fọ egbò yìí lọ́wọ́, o ní o ti rí ọkọ̀ àlòkù kan tí wàá máa fi lọ síbi iṣẹ́. O ní ọkọ̀ náà ti gbó díẹ̀, àmọ́ ọ̀gá rẹ àtijọ́ ló ni ín. O ní, “Màmá, mo fẹ́ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì àyẹ̀wò ọkọ̀ bóyá ó máa ń yege, ọ̀gá wá ní ṣé mi ò gba àwọn gbọ́ ni.” Mo figbe ta. O bẹ̀ mí, o ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, oògùn yẹn máa ń ta ènìyàn.” Oògùn kọ́ ló ta mí, ọmọ mi. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi rántí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí bàbá yín ní. Ó gbó débi pé tó bá tẹ fèrè, ilẹ̀kùn ló ń dáhùn. Kó tó kú, ó máa ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò. Níbẹ̀, olùyẹ̀wò á wọ inú kòtò, wọn á gbé ọkọ̀ lé e lórí, á máa fi òòlù kékeré kan àwọn irin abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tó bá le á dún kooro. Èyí tó bá ti jẹra á dún bí igbá tó sán, olùyẹ̀wò á fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa òbírí yí i ká. Lẹ́yìn náà, á kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á lè lọ béèrè ìtàn àyẹ̀wò rẹ̀, wọn á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìgbà tí bàbá yín lọ kẹ́yìn, ọkọ̀ yẹn ò yege. Irin tó di táyà iwájú mú ti dípẹtà, ó ti ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá yín wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ọkọ̀ yìí ti kú, kò tíì mọ̀ ni.” Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ, tó fi èmi àti òkú ọkọ̀ sílẹ̀ lójúde.

Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù wá wò ó. Ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, ṣé pàǹtí yìí náà lẹ ń tà?” Ó dùn mí dé eegun. Èmi opó, lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan wá pe ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ní pàǹtí! Mo búra pé ọkọ̀ ni màá tà á. Ìgbéraga ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ebi ni.

Ẹni tó wá rà á ni bàbá rẹ, Nọ́ọ̀sì. Oníbúrẹ́dì. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ gúnlẹ̀ nílé kejì sí tiwa, tó fi ń pè mí ní Màámi títí ó fi di baba ọmọ. Orí kẹ̀kẹ́ ló ń kó búrẹ́dì lé lówùúrọ̀, òjò a máa pa á. Ó ní, “Màámi, ẹ tà á fún mi. Ó kúkú sàn kó wà nílé wa.”

Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, nítorí bí ọkọ̀ bá ń jóná lójú rẹ̀, ohun tó máa sọ nìyẹn. Mo ní kó fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ ọkọ̀. Ó ní ọ̀dà ò ní mú lórí ṣọ́ọ̀kì, àfi tí a bá fọ̀ ọ́ kúrò. Èmi ni mo gbé omi ọṣẹ àti kànrìnkàn, èmi pẹ̀lú ìdí ńlá yìí, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo fọ òbírí kan, mo fọ èkejì, omi pupa ń ro sí mi lójú, ó ń wọ inú yẹ̀rì mi. Ìgbà tí mo fẹ́ jáde, ìdí kọ̀! Kò-Sí-Wàhálà fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì fà mí bí ìgbà tí wọ́n ń fa ewúrẹ́ jáde nínú gọ́tà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ wò mí, mo ń fọ ikú ọmọ tí mo pọ̀n, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Kò-Sí-Wàhálà ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ọ̀dà kì í sọ irin tó jẹra di tuntun o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀.” Mo ní, “Kun ohun tí mo ní kí o kùn, kí o panu mọ́.” Ó kùn ún. Ó panu mọ́.

Bàbá rẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yí ọkọ̀ ká, ó ní ó dára, àmọ́ òun á kọ́kọ́ yà ní ọ́fíìsì àyẹ̀wò láti béèrè ìtàn rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kó ọwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún. Mo ní, “Háà! Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ẹ́, tí o tọ̀ sí, tí o ṣu sí, òun lo fẹ́ lọ wádìí lọ́dọ̀ àjèjì? Ṣé olè ni mí?” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. “Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò lọ mọ́. Àṣìsọ ni.” Mo ní kó dìde, mo sì gbàdúrà fún un. Mo fi ọ̀wọ̀ tó ní fún mi dí i lójú, bí ẹni fi aṣọ dí ojú àgùntàn.

Ó sanwó, ó wa ọkọ̀ náà dáadáa títí òjò fi dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ariwo lágbègbè ilé ìwé, níbi tí títì ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà iwájú ti fò lọ, ọkọ̀ ti forí sọ ògiri, bàbá rẹ sì ti kú sínú rẹ̀. Búrẹ́dì fọ́n ká ojú títì, ó ń mu omi òjò, ó ń wú. Mo rí irin tó ṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú fún ọ̀dà, inú rẹ̀ pọ́n fún ìpẹtà. Kò-Sí-Wàhálà dúró lódìkejì, ó wò mí. Mo gbójú kúrò.

Tí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá mọ níwọ̀n. Ẹnì kan nínú èrò ló béèrè pé, “Títì tó ń gbà láràárọ̀, kí ló ṣe é?” Ẹnu mi yìí, ẹnu tí mi ò rán níṣẹ́, ló dáhùn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́. Mo gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ lánàá.” Ta ló máa jiyàn? Ṣé ìyá tó pọ̀n ọ́n máa parọ́ mọ́ òkú ni? Ìyá rẹ pariwo pé, “Màámi, ọkọ mi kì í mutí!” Mo gbá a mọ́ra, mo ń pa á lẹ́yìn, mo ní, “Ìyàwó mi, àwa obìnrin la máa ń gbẹ̀yìn mọ̀.” Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ sí oní-irin-àlòkù kan náà, ó kó ọkọ̀ yẹn lọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bínú pé ó pè é ní pàǹtí.

Ìyá rẹ gbà mí gbọ́ nígbẹ̀yìn. Ó yí fọ́tò bàbá rẹ kojú sí ògiri, bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Wọ́n ń pè ọ́ ní ọmọ ọ̀mùtí nílé ìwé, mo gbọ́. O sọ ọ́ nínú yàrá yìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi lórí itan rẹ, pé o ò débi sàréè rẹ̀ rí. Mo fi àwàdà dá ọ lóhùn. O rẹ́rìn-ín, o di egbò mi. Kò-Sí-Wàhálà kó kúrò ládùúgbò wa. Àwọn tó rí i ní kì í sọ gbólóhùn yẹn mọ́.

Ẹ̀yin èwe tó wà níbí, ẹ gbọ́. Kí a bọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ṣùgbọ́n àgbà tó bá fi omijé dí ọ lọ́nà ìwádìí, ohun kan wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ béèrè. Tó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó máa sun ún, ẹkún kì í mú irin le. Nọ́ọ̀sì, sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn lọ́la. Tó bá ní o rí òun fín, sọ pé ìyá arúgbó kan ló rán ọ.

O ò wò mí mọ́. Tí o bá fẹ́ máa lọ láìdi egbò yìí, máa lọ, ọmọ mi, ó tọ́ sí mi. Bí o bá rí àyè ìdáríjì nínú rẹ lọ́jọ́ kan, bóyá màá ti wà lábẹ́ ilẹ̀, sọ ọ́ síbẹ̀, màá gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ní àná ọjọ́ tó kú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi. Mi ò gbóòórùn ọtí kankan. Búrẹ́dì gbígbóná ni bàbá rẹ ń rùn.