Studebaker, Ìyálé Mi

Bàbá Kaoussarath, Akim ọkọ mi, àná ni ó pé ogójì ọjọ́ tí a sin yín. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn àgbà.

Alága wa, Bàbá Adélànà, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀ wa, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì gbogbo Koumassi Remblais, ẹ̀yin ará Anyama tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì gbaka wá, mo kí yín. Martine ọ̀rẹ́ mi, tí o ń fi atiéké bọ́ wa láti ọjọ́ yìí wá, mo rí ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òní ni mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rán ìjókòó mọ́tò nínú gáráàjì yìí, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi gbọ́.

Bàbá Kaoussarath, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé mi wọlé? Ẹ ò kọ́kọ́ fi yàrá hàn mí. Ẹ mú mi lọ sábẹ́ páànù, ẹ ṣí tapólì, ẹ ní, "Nimotou, kí ìyálé rẹ." Studebaker ọdún 1947 ni, tí bàbá yín, Alhaji Sànní olóbì, rà lọ́wọ́ Faransé oníkọfí kan tó ń padà sílé. Mo kúnlẹ̀ kí mọ́tò. Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín títí.

Kí ni ẹ kì í sọ nípa ìyálé mi yìí? Ẹ ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni àwọn tó ṣe é ń kàn tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun Hitler parí, gbogbo èèyàn ń wá mọ́tò bí ẹni ń wá omi lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣì ń tún ojú mọ́tò àtijọ́ ṣe tà. Studebaker, tí kò ní baba ìsàlẹ̀, ti gbé ojú tuntun jáde, ọjà rẹ̀ sì yá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí iwájú rẹ̀, tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́hùn-ún pé ṣé ó ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ.

Àwọn alábàárù Anyama kò tilẹ̀ béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iwájú ni wọ́n ṣí. Wọ́n ní irin ni Amẹ́ríkà fi tẹ́ ibi ìkẹ́rù, wọ́n sì kó obì lé ẹ́ńjìnnì lórí. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀ tí wọ́n rò pé ẹ̀yìn ni, wọ́n ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí Alhaji, àfi bí mọ́tò ṣe kọrí sí wọn. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí dòní, Olóbì-yíyan ni Anyama ń pe ìdílé yín.

Ẹ̀yin náà kò ní baba ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí gáráàjì yìí. Ẹ ní, "A ò lè tóbi ju àwọn gáráàjì ńlá lọ, ṣùgbọ́n a lè ṣáájú wọn." Lẹ́yìn wàhálà ogun ọdún 2002, ilẹ̀kùn àwọn gáráàjì ńlá ṣì wà ní títì nígbà tí táksí ti tò sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo jowú ìyálé mi o, pàápàá ọjọ́ tí ẹ fi aṣọ ọdún mi nu gíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ lára rẹ̀ ló bọ́ wa.

Ọkọ mi Saliou, àbúrò yín, jókòó níhìn-ín. Ó ní kí a tà á fún ọkùnrin kan ní Cocody, tí yóò gbé e kalẹ̀ bí òdòdó pálọ̀. Ó ní ta ló tún mọ ìtọ́jú rẹ̀? Kò fi ìkà sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, Kaoussarath ọmọbìnrin wa wọ aṣọ iṣẹ́ yín, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Saliou káwọ́ gbera. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Mo di ojú. Ó tún wúkọ́, ó sì dáhùn.

Saliou ní, "Ìyàwó wa, ó ń lọ o."

Mo ní, "Rárá, ọkọ mi. Ó ń bọ̀."

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ a rọ́pò. Kaoussarath, wá gba kọ́kọ́rọ́. Saliou ti gbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrìn àjò ayé kò ní já yín kulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ yóò jókòó sí ìjókòó gbogbo wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o.

Bàbá Kaoussarath, ẹ sùn re. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a ó máa jí ìyálé mi, a ó sì máa wà á dé Anyama.